Vladimir àti Volodymyr: Àlàyé lórí Orúkọ Kan Tí Ó Ní Ojú Méjì

Láti oṣù Èrèlé ọdún 2022, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ya wọ ilẹ̀ Ukraine, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tí orúkọ àwọn ará ìlà-oòrùn Yúróòpù kò jẹ lógún tẹ́lẹ̀ ti ń béèrè ìbéèrè kan náà: kí ló dé tí a fi ń pe ààrẹ Rọ́ṣíà ní Vladimir Putin, tí a sì ń pe ààrẹ Ukraine ní Volodymyr Zelenskyy, tí àwọn kan sì ń sọ pé orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́? Ẹni tí ó bá wá ìdáhùn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò tún kó sínú ìdàrúdàpọ̀ mìíràn, nítorí pé ibì kan yóò sọ fún un pé "alákòóso ayé" ni Vladimir túmọ̀ sí, ibòmíràn yóò ní "ẹni tí ó ń ṣàkóso àlàáfíà" ni, ibòmíràn yóò sì ní "ẹni ńlá nínú àṣẹ" ni. Orúkọ kan ṣoṣo ni Vladimir àti Volodymyr. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kì í ṣe àṣìkọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ẹnì kan ba orúkọ ẹnì kejì jẹ́. Ní ti àwọn ìtumọ̀ mẹ́ta yẹn, èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú wọn, ìyẹn "alákòóso ayé", ni ó jìnnà jù lọ sí ìpìlẹ̀ orúkọ náà.

Àwọn tí à ń pè ní Slav ni àwọn ènìyàn tí èdè wọn ṣẹ̀ wá láti orísun kan, tí wọ́n sì pín sí ẹ̀ka mẹ́ta lónìí. Ẹ̀ka ìlà-oòrùn ni ti àwọn ará Rọ́ṣíà, Ukraine àti Belarus. Ẹ̀ka ìwọ̀-oòrùn ni ti àwọn ará Pólándì, Czech àti Slovakia. Ẹ̀ka gúúsù sì ni ti àwọn ará Bùlgáríà, Sẹ́bíà, Croatia, Slovenia àti àwọn aládùúgbò wọn. Kí ẹ̀sìn Kìrìstẹ́nì tó dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti ní ọ̀nà ìsọmọlórúkọ tiwọn, pàápàá láàárín àwọn ìdílé ọba àti ìjòyè: wọn a mú ọ̀rọ̀ méjì, wọn a so wọ́n pọ̀, orúkọ a sì jáde. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò báyìí kò pọ̀ rárá. "Slava" ni ògo tàbí òkìkí, "yar" ni ohun tí ó le tí ó sì gbóná, "polk" ni ọmọ ogun, "drag" ni ọ̀wọ́n, "rad" ni ayọ̀, "svyat" sì ni ohun mímọ́. Inú irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni Yaroslav, Yaropolk, Svyatoslav, Svyatopolk, Dragomir àti Radomir ti jáde. Bí a bá wo ìdílé kan ṣoṣo, ìyẹn ìdílé ọba tí ó ń jẹ́ Vladimir ní ìlú Kyiv, tí í ṣe olú-ìlú Ukraine lónìí, ní ọ̀rúndún kẹwàá, a ó rí i pé Svyatoslav ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, Yaropolk ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ní Yaroslav, Svyatopolk, Izyaslav, Mstislav àti Vsevolod nínú.

Ẹni tí ó mọ bí Adé tàbí Akin ṣe máa ń wà níwájú orúkọ ọmọ kan tẹ̀lé òmíràn nínú ìdílé kan yóò tètè lóye ètò yìí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ra níhìn-ín, nítorí pé gbólóhùn pípé ni orúkọ Yorùbá sábà máa ń jẹ́, ó ní olùwà, ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe, a sì lè sọ ohun tí òbí ní lọ́kàn láti inú rẹ̀. Orúkọ àwọn Slav àtijọ́ kò fi dandan rí bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, ohun tí ó jẹ àwọn òbí lógún ni pé kí ọmọ gba apá kan nínú orúkọ bàbá tàbí ti bàbá-bàbá rẹ̀, kí ará ìta lè mọ ìdílé tí ó ti wá. Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá wá fún ni ní ìtumọ̀ tó gún régé, ó dára, bí wọn kò bá sì fún ni, kò sí ẹni tí yóò bínú. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń fura sí ìwé tí ó bá sọ ìtumọ̀ orúkọ Slav kan ní gbólóhùn kan ṣoṣo láì ṣe àlàyé kankan sí i.

Apá kìn-ín-ní orúkọ yìí kò ní àríyànjiyàn nínú. "Vlad" ń sọ nípa ṣíṣe àkóso àti níní nǹkan ní ìkáwọ́ ẹni. Títí di òní, "vlast" ni àwọn ará Rọ́ṣíà ń pe agbára ìjọba, "vladet" sì ni wọ́n ń pe kí ènìyàn ní nǹkan ní ìkáwọ́. Nínú èdè Slav àtijọ́ tí ó jẹ́ ìyá gbogbo wọn, kí ó tó pín sí ẹ̀ka, "vold" ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Bí èdè náà ṣe ń pín, kò sí ẹ̀ka kan tí ó fẹ́ràn kí "o" àti "l" tò tẹ̀léra ṣáájú kọ́ńsónáǹtì mìíràn, oníkálukú sì wá ọ̀nà tirẹ̀ láti tún un ṣe. Àwọn ará gúúsù, pẹ̀lú àwọn ará Czech àti Slovakia, yí i sí "vlad". Àwọn ará Pólándì yí i sí "włod", ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe orúkọ náà ní Włodzimierz. Àwọn ará ìlà-oòrùn ní tiwọn fi fáwẹ̀lì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì "l", ó sì di "volod".

Orúkọ yìí nìkan kọ́ ni òfin ìró yẹn mú. Ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ìlú olódi náà bá a lọ: àwọn ará gúúsù ń pè é ní "grad", ó sì wà nínú Belgrade, olú-ìlú Sẹ́bíà, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ìlú funfun, àwọn ará ìlà-oòrùn ń pè é ní "gorod", ó sì wà nínú Novgorod, tí ó túmọ̀ sí ìlú tuntun. Orí ènìyàn ni "glava" ní gúúsù, "głowa" ní Pólándì, "golova" ní Rọ́ṣíà. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn àpẹẹrẹ yìí kò tún ní sọ pé àwọn ará Ukraine ni wọ́n lọ́ orúkọ Vladimir po tí ó fi di Volodymyr. "Volodimer" ni àwọn ará Kyiv fi ẹnu ara wọn pe ọba wọn, bí àwọn ìwé ìtàn àtijọ́ ibẹ̀ ṣe sábà máa ń kọ ọ́.

Báwo wá ni àwọn ará Rọ́ṣíà, tí àwọn náà jẹ́ ará ìlà-oòrùn, ṣe ń jẹ́ Vladimir, tí í ṣe ẹ̀dà ti gúúsù? Ìjọ ni ó mú un wá. Nígbà tí Cyril àti Methodius, àwọn ajíhìnrere méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwàásù wọn láàárín àwọn Slav ní ọdún 863, èdè Slav ti gúúsù ni wọ́n fi túmọ̀ ìwé mímọ́ àti àdúrà ìsìn. Láti Bùlgáríà ni àwọn ìwé wọ̀nyẹn sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlà-oòrùn lẹ́yìn náà. Èdè ìwé mímọ́ di èdè iyì, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ní "la" àti "ra" ti gúúsù nínú sì wọ inú èdè Rọ́ṣíà, wọ́n jókòó ti àwọn ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ tí ó ní "olo" àti "oro". Nítorí èyí ni Novgorod àti Volgograd fi lè jọ wà lórí àwòrán ilẹ̀ orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹ̀dà ìbílẹ̀ náà kò kú ní Rọ́ṣíà: Vladimir ni wọn yóò kọ sínú ìwé ìrìnnà ọmọ, ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ pè é wá jẹun, Volodya ni yóò pè é.

Apá kejì ni wàhálà wà. Lónìí, "mir" ni a ń gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ní ìtumọ̀ méjì nínú èdè Rọ́ṣíà: ó túmọ̀ sí àlàáfíà, ó sì tún túmọ̀ sí ayé. Láti ibẹ̀ ni "alákòóso àlàáfíà" àti "alákòóso ayé" ti jáde. Bí a bá padà sí àwọn ìwé àtijọ́ ti ìlà-oòrùn, a ó rí i pé kì í ṣe lẹ́tà "i" ni ó wà láàárín apá kejì yìí. Lẹ́tà mìíràn tí wọ́n ń pè ní yat ni ó wà níbẹ̀, ìró rẹ̀ sì sún mọ́ "e" ju "i" lọ. "Měr" ni, kì í ṣe "mir". Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè fi "měr" yìí wé ọ̀rọ̀ kan nínú èdè àwọn Goth, ẹ̀yà kan tí ó bá èdè àwọn ará Jámánì tan, tí ó sì gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn Slav ní àríwá Òkun Dúdú fún ìgbà pípẹ́. Nínú èdè tiwọn, "mērs" ni olókìkí, ẹni tí ìròyìn rẹ̀ kàn káàkiri. Àwọn ọba Goth tí ó jẹ́ ọmọ ìyá ní ọ̀rúndún karùn-ún ń jẹ́ Valamir, Thiudimir àti Vidimir, a sì rí i pé apá kejì orúkọ wọn bá ti Vladimir mu rẹ́gí. Àwọn onímọ̀ mìíràn sọ pé àwọn Slav kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé ọ̀rọ̀ tiwọn ni láti ilẹ̀ wá. Bí ó ti wù kí ó rí, ibì kan náà ni ìtumọ̀ ń lọ: ẹni ńlá, ẹni olókìkí. Tí a bá so ó pọ̀ mọ́ apá kìn-ín-ní, ohun tí orúkọ náà ń sọ ni ẹni ńlá nínú ìṣàkóso, tàbí ẹni tí òkìkí àṣẹ rẹ̀ kàn.

Àṣìtúmọ̀ náà ti pẹ́ gan-an. Thietmar, tí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ìlú Merseburg ní ilẹ̀ Jámánì láti ọdún 1009 títí ó fi kú ní ọdún 1018, kọ nípa ọba Kyiv tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà, ó sì sọ pé "agbára àlàáfíà" ni orúkọ ọba náà túmọ̀ sí, ó wá fi kún un pé orúkọ náà kò tọ́ sí i rárá, nítorí ìwà tí ó hù. Ó ṣe kedere pé ẹnì kan tí ó gbọ́ èdè Slav ni ó sọ ìtumọ̀ yẹn fún bíṣọ́ọ̀bù náà. Nítorí náà, ní ìgbà ayé àwọn tí wọ́n rí Vladimir sójú pàápàá, àwọn kan ti ń gbọ́ "mir" níbi tí "měr" wà. Kíkọ sílẹ̀ náà tún dá kún un. Kí ìjọba tuntun tó tún ọ̀nà ìkọ̀wé ṣe ní Rọ́ṣíà ní ọdún 1918, lẹ́tà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń kọ ìró "i", ọ̀kan fún "mir" tí ó jẹ́ àlàáfíà, èkejì fún "mir" tí ó jẹ́ ayé. Lẹ́tà ti ayé ni wọ́n fi ń kọ orúkọ Vladimir. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá ń jẹ́ orúkọ náà nígbà yẹn yóò rí ayé nínú rẹ̀ kedere, kò sì sí bí yóò ṣe mọ̀ pé lẹ́tà tí ó rí kì í ṣe èyí tí àwọn baba ńlá rẹ̀ kọ. Lẹ́yìn àtúnṣe náà, lẹ́tà méjèèjì di ẹyọ kan, àlàáfíà àti ayé sì di ọ̀rọ̀ tí kò ní ìyàtọ̀ lójú.

Èmi kò rò pé ó yẹ kí a bá òbí tí ó sọ ọmọ rẹ̀ ní Vladimir lónìí nítorí pé ó fẹ́ràn àlàáfíà jà. Bí àwọn tí ń jẹ́ orúkọ kan ṣe lóye rẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún jẹ́ apá kan nínú ìtàn orúkọ náà. Ohun tí kò tọ́ ni kí a mú òye yẹn, kí a fi lé àwọn òbí ọ̀rúndún kẹwàá lórí, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n wòye pé ọmọ wọn yóò jọba lórí gbogbo ayé.

Ọ̀kan nínú àwọn Vladimir àkọ́kọ́ tí ìtàn mọ̀ dáadáa kò sí ní Kyiv, Bùlgáríà ni ó ti jọba. Bàbá rẹ̀, Boris, ni ó mú ẹ̀sìn Kìrìstẹ́nì wọ Bùlgáríà, ó sì fi oyè sílẹ̀ fún un ní ọdún 889, ó lọ sí ilé àwọn mọ́ńkì láti lo ìyókù ayé rẹ̀ nínú àdúrà. Vladimir wá gbìyànjú láti dá ìlú padà sí ẹ̀sìn àbáláyé. Nígbà tí ìròyìn kan bàbá rẹ̀ lára, ó jáde kúrò ní ilé mọ́ńkì, ó yọ ọmọ rẹ̀ lóyè ní ọdún 893, ó fọ́ ọ lójú, ó fi Simeon, àbúrò Vladimir, jọba, ó sì padà sídìí àdúrà rẹ̀. Ìtàn yìí le, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a mọ̀ pé orúkọ náà ti wà ní gúúsù ṣáájú Vladimir ti Kyiv.

Vladimir ti Kyiv yìí ni ó sọ orúkọ náà di ohun tí ó dà lónìí. Malusha, obìnrin tí ó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé fún Olga tí í ṣe ìyá bàbá Vladimir, ni ìyá rẹ̀. Ipò ìyá yìí kò jẹ́ kí àwọn kan kà á kún ọmọ ọba gidi. Ìwé ìtàn àtijọ́ sọ pé nígbà tí ó ránṣẹ́ pé òun fẹ́ fi Rogneda, ọmọ ọba Polotsk, ṣaya, obìnrin náà dáhùn pé òun kò ní bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ ẹrú, bí ìyàwó ṣe máa ń bọ́ ọ fún ọkọ nígbà náà. Vladimir kó ogun lọ, ó pa bàbá Rogneda, ó sì fi ipá mú un. Lẹ́yìn náà ni ó gba Kyiv lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Yaropolk, tí wọ́n sì pa Yaropolk. Ó gbé ère òrìṣà kalẹ̀ lórí òkè nítòsí ààfin, Perun, òrìṣà àrá, ni ó sì ṣáájú wọn. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, fàdákà ni orí rẹ̀, wúrà ni irùnmú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 988, ọba kan náà yìí gba ìrìbọmi, ó fẹ́ Anna, àbúrò Basil Kejì, olú-ọba Byzantium, ó ní kí wọ́n so ère Perun mọ́ ìrù ẹṣin, kí wọ́n wọ́ ọ lọ sínú odò Dnieper, ó sì ní kí gbogbo ará ìlú wá ṣe ìrìbọmi nínú odò náà. Ó kú ní ọjọ́ 15 oṣù Agẹmọ ọdún 1015.

Nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi, wọn kò fi Vladimir ṣe ìrìbọmi fún un, nítorí pé orúkọ kèfèrí ni ó jẹ́ lójú Ìjọ. Vasily ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn Basil, orúkọ olú-ọba tí ó di àna rẹ̀. Èdè Gíríìkì ni orúkọ náà, ohun tí ó jẹ mọ́ ọba ni ó sì túmọ̀ sí, nítorí náà ìtumọ̀ orúkọ tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti àtijọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà pé kí ọmọ ọba máa jẹ́ orúkọ méjì: ọ̀kan fún ìdílé àti ìlú, ọ̀kan fún Ìjọ. Yaroslav ọmọ rẹ̀ ni Georgi ní ṣọ́ọ̀ṣì; Boris àti Gleb, àwọn ọmọ rẹ̀ mìíràn, ni Roman àti David. Vladimir Monomakh, ọmọ-ọmọ Yaroslav, tí ó jọba ní Kyiv láti ọdún 1113 sí ọdún 1125, kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ràn tí ó fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé Vasily ni orúkọ ìrìbọmi òun, àti pé Volodimer ni orúkọ ìbílẹ̀ òun.

Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, àwọn orúkọ Ìjọ borí. Ivan, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ògidì orúkọ Rọ́ṣíà, láti inú èdè Hébérù ni ó ti wá, Johanu kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mikhail àti Maria, nígbà tí Pyotr àti Andrei jẹ́ ti Gíríìkì. Ọ̀pọ̀ orúkọ ìbílẹ̀ ni ó parẹ́ tàbí tí ó di orúkọ ìdílé lásán. Lára àwọn tí ó lọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn orúkọ tí àwọn ará oko fi ń dáàbò bo ọmọ, irú bíi Nekras, tí ó túmọ̀ sí ẹni tí kò lẹ́wà, kí ojú burúkú má baà wo ọmọ tí ó rẹwà. Ní Sẹ́bíà, irú rẹ̀ kan wà láàyè títí di òní: Vuk, tí í ṣe ìkookò. Vuk Karadžić, tí a bí ní ọdún 1787, tí ó sì tún ọ̀nà ìkọ̀wé èdè Sẹ́bíà ṣe, ṣàlàyé pé ìyá tí ọmọ bá ń kú mọ́ lọ́wọ́ ni ó máa ń sọ ọmọ rẹ̀ ní Vuk, nítorí wọ́n gbà pé àjẹ́ kò ní lè jẹ ìkookò. Àwọn ọmọ tí a bí ṣáájú òun náà sì ti kú. Òǹkàwé tí ó mọ orúkọ àbíkú kò nílò àlàyé mọ́ lórí ìyẹn.

Ohun tí ó gba Vladimir là nínú ìparẹ́ yìí ni pé Ìjọ Orthodox sọ ọba Kyiv náà di ẹni mímọ́ ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Kàkà kí orúkọ kèfèrí náà wá ẹni mímọ́ kan sá di, ẹni tí ń jẹ́ ẹ ni ó fúnra rẹ̀ di ẹni mímọ́. Láti ìgbà náà, àlùfáà lè fi Vladimir ṣe ìrìbọmi fún ọmọ aláìlọ́lá. Boris àti Gleb, tí ẹ̀gbọ́n wọn pa, ti gba ọ̀nà kan náà ṣáájú bàbá wọn. Bí ènìyàn bá ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí àwọn orúkọ ìbílẹ̀ kan wọ́pọ̀ títí di òní tí àwọn ẹgbẹ́ wọn sì ti di ìgbàgbé, inú ìwé orúkọ àwọn ẹni mímọ́ ni yóò ti rí púpọ̀ nínú ìdáhùn rẹ̀.

Orúkọ náà rìn jìnnà. Àṣà sọ pé Monomakh ni ó tẹ ìlú Vladimir dó lẹ́bàá odò Klyazma ní ọdún 1108, ìlú tí ó di ibùjókòó àwọn ọba àríwá-ìlà-oòrùn kí Moscow tó gbilẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn Ukraine, ìlú Volodymyr wà, tí àwọn tí ń fi èdè Látìnì kọ̀wé sọ di Lodomeria. Nígbà tí àwọn olú-ọba Ọ́stríà gba ilẹ̀ Galicia tí ó wà nítòsí ìlú náà ní ọdún 1772, Ìjọba Galicia àti Lodomeria ni wọ́n pè é títí di ọdún 1918, orúkọ ènìyàn sì ni ó wà nínú rẹ̀. Ní Dẹ́nmáàkì, Ingeborg, ọmọ-ọmọ Monomakh, bí ọmọkùnrin kan ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1131, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pa ọkọ rẹ̀, ó sì fi orúkọ bàbá-bàbá rẹ̀ sọ ọmọ náà. Valdemar ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, ó di ọba, Valdemar mẹ́ta mìíràn sì jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Etí àwọn ará Dẹ́nmáàkì gbọ́ "vald" tí ó jẹ́ àṣẹ àti "mar" tí ó jẹ́ òkìkí nínú èdè tiwọn. Ó sì dàbí ẹni pé wọ́n lóye rẹ̀ ju àwọn tí wọ́n gbọ́ àlàáfíà nínú rẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí a yọ àwọn kan kúrò nínú ìdílé yìí. Vladivostok, èbúté Rọ́ṣíà ní etí òkun Pàsífíìkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1860, kò ní Vladimir kankan nínú. "Vlad" rẹ̀ jẹ́ àṣẹ pé kí a máa ṣàkóso ìlà-oòrùn, bí Vladikavkaz ṣe jẹ́ ti òkè Caucasus. Vladislav náà jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀, àṣẹ àti ògo ni ó so pọ̀, òun ni ó di Władysław ní Pólándì àti László ní Họ́ngárì. Àwọn ará Rọ́ṣíà sì sábà máa ń fi Vlad gé Vladislav kúrú, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó fún Vladimir, bí àwọn àjèjì tilẹ̀ rò bẹ́ẹ̀.

Ní ayé ìjọba Kọ́múníìsì, tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹni mímọ́ sétí, orúkọ náà tún rí agbára mìíràn gbà, nítorí pé Vladimir ni Lenin, olórí àkọ́kọ́ ìjọba náà, ń jẹ́. Àwọn òbí tí ìtara mú sọ ọmọ ní Vladlen, wọ́n mú ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ méjèèjì so pọ̀; àwọn mìíràn sọ ọmọ ní Vilen, láti inú V. I. Lenin, àwọn kan sì kọ Lenin láti ẹ̀yìn wá síwájú, wọ́n fi Ninel sọ ọmọbìnrin. Ẹni mímọ́ tí ó mú ìrìbọmi wá àti olórí tí ó ti ṣọ́ọ̀ṣì pa wá jọ ń gbé orúkọ kan ga láàárín àwọn ènìyàn kan náà.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn, ọ̀wọ̀ ń bẹ nínú rẹ̀. Wọ́n kì í pe àgbà tàbí ọ̀gá ní orúkọ rẹ̀ nìkan. Wọn a fi orúkọ bàbá rẹ̀ tì í. Putin ni Vladimir Vladimirovich, nítorí Vladimir ni bàbá rẹ̀ náà ń jẹ́, Zelenskyy sì ni Volodymyr Oleksandrovych. Volodya àti Vova jẹ́ ti ilé àti ti ọ̀rẹ́, kò sì sí òṣìṣẹ́ tí yóò fi wọ́n pe ọ̀gá rẹ̀. Vovochka, tí ó tún kéré sí i, ni orúkọ ọmọ ilé-ìwé aláìgbọràn tí ó kún inú àwàdà àwọn ará Rọ́ṣíà. Ẹni tí ó bá fẹ́ pe orúkọ náà dáadáa, kí ó gbìyànjú ìró "v" tí kò sí nínú èdè Yorùbá, kí ó sì tẹ "di" mọ́lẹ̀ nínú Vladimir àti "dy" nínú Volodymyr, nítorí sílébù yẹn ni wọ́n ń tẹnu mọ́.

Ọ̀rọ̀ wá ku ti ìkọ̀wé. Fún àwọn alààyè, orúkọ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń pe ara rẹ̀ nínú ìwé ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ: Vladimir fún ará Rọ́ṣíà, Volodymyr fún ará Ukraine, Uladzimir fún ará Belarus, Włodzimierz fún ará Pólándì. Ti ọba àtijọ́ náà ni ó le, nítorí pé orílẹ̀-èdè méjèèjì ń sọ pé àwọn ni wọ́n ni ín. Ère rẹ̀ ti dúró lórí òkè ní Kyiv láti ọdún 1853, ó ń wo odò Dnieper, àwòrán rẹ̀ wà lára owó Ukraine, àmì tí ó wà lórí owó fàdákà tí òun fúnra rẹ̀ rọ sì ni ó di àmì orílẹ̀-èdè náà; ní oṣù Bélú ọdún 2016, wọ́n ṣí ère ńlá mìíràn fún un ní Moscow, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kremlin. Òǹkọ̀wé tí ó bá kọ Vladimir ń tẹ̀lé èdè Ìjọ àti àṣà ìkọ̀wé tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ òkèèrè. Èyí tí ó bá kọ Volodymyr sì sún mọ́ ohun tí àwọn ará ìlú rẹ̀ fi ń pè é ní ojú ayé rẹ̀. Èmi ti ń kọ Vladimir fún un nínú àlàyé yìí nítorí pé òun ni òǹkàwé Yorùbá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé etí àwọn ará Kyiv ọdún 988 ni a fẹ́ tẹ̀lé, "Volodimer" ni ì bá dára jù.